Ẹṣin Wo Ni?

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ òkè Kangai,
mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó:
"Ẹṣin kan ń sáré ogójì kìlómítà ní wákàtí kan.
Bí ọ̀nà bá jẹ́ ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà á?"
Mo jókòó, mo ń retí márùndínláàádọ́ta.
Dulmaa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nawọ́ sókè.
"Ẹṣin wo ni, Olùkọ́?"

Mo ní ẹṣin ṣáá.

"Ṣé pupa bàbá àgbà Ṣagdar ni,
àbí eérú tó ń tiro?
Ta ló gùn ún? Ṣé ó jẹun lánàá?
Ṣé afẹ́fẹ́ ń kọ lù ú níwájú ni, àbí ó ń tì í lẹ́yìn?
Ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti dì?"
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo sì fún un ní òdo.

Oṣù kìíní dé, òtútù tí ń la igi sí méjì.
Lóru ọjọ́ kan, nínú yàrá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sùn,
inú rírun dé sí Gonṣig,
ikùn rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ìjàpá.
Wáyà tẹlifóònù ti já. Mọ́tò ilé-ìwé kọ̀, kò jí.
Dorlig, ẹ̀gbọ́n Dulmaa, di pupa ní gàárì,
ó fò ó gùn,
kútúpà kútúpà, kútúpà kútúpà,
òkùnkùn gbé e mì.

Láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé dókítà, ọgbọ̀n kìlómítà géérégé.
Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣirò kì í parọ́.
Dulmaa kò wo aago kankan.
Ó gbé ìkòkò tíì oníwàrà kaná.
"Tí èyí bá hó, Dorlig ti dé ibi òkúta funfun.
Ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, tí yóò máa fà á rìn,
odò ti di dígí níbẹ̀.
Ẹṣin tó bá sáré lórí dígí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dá."
Ó hó. Ó bu omi yìnyín sí i, ó tún gbé e kaná.

Márùndínláàádọ́ta kọjá.
Mo bọ́ aago, mo gbọ̀n ọ́n létí mi
bí ẹni pé aago ló jẹ̀bi.
Ìkòkò hó lẹ́ẹ̀karùn-ún
kí iná mọ́tò dókítà tó yọ lórí òkè bí ojú ológbò.

Wọ́n gbé Gonṣig lọ. Ó yè.
Àpá ibẹ̀ gùn tó ìka ìlábẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ sọ.
Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí Dorlig fẹsẹ̀ rìn wọlé,
ìjánu pupa lọ́wọ́ rẹ̀.
Òógùn ti di yìnyín lára ẹṣin náà,
irun ọrùn rẹ̀ ń dún woroworo.
Mo gbé korobá omi, mo sáré jáde.
Dulmaa já a gbà: "Ẹ fẹ́ pa á ni?"
Kò gbọdọ̀ mu, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ dúró,
títí àyà rẹ̀ yóò fi balẹ̀.
Ni a bá ń fà á yí ilé-ìwé po.
Dorlig ń tòògbé lórí ìrìn.
Mo ń ka yíyípo náà, ogún, mẹ́rìnlélógún,
mi ò mọ ibi tí n óò kọ ọ́ sí:
ìgbà tí ẹṣin fi ń tutù
kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà ní ìlú ńlá.

Èémí pupa ń gbóná sí mi léjìká.
Mo ní, "Dulmaa, ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"
Ó gbọ́wọ́ lé àyà ẹṣin, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ẹ má tíì dúró."